Ìyá Mi Jẹ́ Kó Dún Lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá mi jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, inú ẹyọ kan tó sọnù yẹn ló wà. Ẹni tí kò bá gbé lọ́dọ̀ wa lè bi mí pé kí ni ẹyọ kan já mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń lo fóònù nílé wa.

Ní Kétu àti láwọn abúlé tó yí i ká, ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í ṣe ìpè tó ṣòfò. Bípé là ń pè é. O ó pe ẹnì kan, o ó jẹ́ kó dún níye ìgbà tí ẹ jọ fẹnu kò sí, o ó sì pa á. Iye ìgbà tó dún ni ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ. Ẹni tó bá lọ gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé, nítorí pé ó já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Oko ìyá mi wà lápá Idigny, níbi tí resóò, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì fóònù, kò ti lágbára tó láti gbé ohùn ènìyàn dé Kétu. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, yóò gé e sí wẹ́wẹ́ ni. Àmọ́ kí fóònù dún, ìyẹn kò ní i lára. Èmi ń gbé ní Kétu nítorí pé ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò wà, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi, àmọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti ń dá lọ sóko yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Àdéhùn wa kò le. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé oko, ara rẹ̀ le. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, kí n gbé alùpùpù mi kí n máa bọ̀ kíákíá. A kò ní ẹlẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi ní ẹni tó bá ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ láti sọ, kó máa bọ̀ nílé wá sọ ọ́.

Fóònù olóbọ́tìnì kékeré kan ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Tèmi ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu ló rà á fún mi lọ́jọ́ tí mo yege ìdánwò olùkọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ara fóònù náà le, ojú rẹ̀ kò ní ìlà kan ṣoṣo, batirí rẹ̀ ń gbé mi láti àárọ̀ di alẹ́. Ètò tó ń darí rẹ̀ nìkan ló ti gbó. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ fi sínú rẹ̀, yóò ní òun ti dàgbà jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jù ú nù, òun á ra òmíràn. Mo ní n kò ní í jù ú nù. Olórí kunkun ni mí, mo gbà. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé nǹkan ti kú, tí èmi sì ń rí i tó ń mí, inú á bí mi, n kò sì ní í lè sùn.

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti bá àwọn ènìyàn kan pàdé tí wọ́n ń kọ ètò fún irú fóònù tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í fi pamọ́. Gbogbo ìlà tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń tẹ́ síta kí ẹnikẹ́ni wò ó, kó tún un ṣe, kó sì dá èyí tó tún ṣe padà fún gbogbo wọn. Àáró ni, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é lóko: bá mi ro tèmi lónìí, n ó bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Àmọ́ kò tíì sí ẹni tó ṣe ti fóònù tèmi. Èyí tó wà, fóònù kan tó jọ ọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ ìyá rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan náà. Iṣẹ́ mi ni láti mú ètò náà kúrò lára ẹ̀gbọ́n kí n fi wọ àbúrò.

Ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n kì í bá àbúrò mu lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ojú fóònù náà fi dúdú. Nígbà tó là, ó dorí kodò, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Mo tún ìyẹn ṣe, ó kù kí ọwọ́ àti ojú rí ara wọn sójú: bí mo bá tẹ apá òsì, apá ọ̀tún ló ń dáhùn. Mo pa fóònù kan pátápátá, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ atúnfóònùṣe kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà láti fi dán nǹkan wò. Mo kọ ìlà kan sí ibi tí kò yẹ, kò sì tún jí mọ́ títí dòní. Ohùn jáde lẹ́yìn oṣù méjì. Kámẹ́rà rẹ̀ kò tíì ríran títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọkùnrin kan tí n kò rí rí, tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Òun ló kọ́kọ́ ṣe ti fóònù ẹ̀gbọ́n yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kì í kí ènìyàn. Bí mo bá kọ̀wé sí i pé ẹ ǹlẹ́, ṣé dáadáa lẹ jí, èsì rẹ̀ ni pé ìlà ogójì kò dára. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bó ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú fóònù, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá resóò sọ̀rọ̀. Bí fóònù bá sùn, ẹ̀rọ yìí kì í sùn. Oníbodè ni mo máa ń pè é, nítorí ẹnu ọ̀nà ló wà, òun ló sì ń jí àwọn tó kù nínú ilé bí ìpè bá dé. Oníbodè tèmi ní àrùn kan. Nígbà mìíràn, bó bá ṣe ń jí fóònù báyìí, yóò kọ́kọ́ sọ ìsọkúsọ díẹ̀, fóònù á sì rò pé ẹnì kan ń pè. Ọjọ́ Àìkú kan, pásítọ̀ ní ká dìjú ká gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, fóònù mi pariwo nínú báàgì. Kò sẹ́ni tó pè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó pásítọ̀ yíjú padà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo délé pẹ̀lú ìbínú, mo jókòó, n kò jẹun, mo sì kọ ìlà kan ṣoṣo: bí fóònù bá jí, kó kọ́kọ́ da gbogbo ohun tí oníbodè ti sọ nù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì parọ́rọ́. Mo fi orúkọ mi sí ìdí ìlà náà, mo fi ránṣẹ́ sáwọn yòókù, wọ́n gbà á. Nínú ìwé tí a fi ń sọ ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sí abẹ́ tèmi pé: ìpè, ó ń ṣiṣẹ́. Mo yọ̀ lọ́jọ́ yẹn débi pé mo ra ẹja tútù.

Ìdánwò ìparí ọdún ni mò ń máàkì lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ti jáde ní ìdájí láti lọ ya àgbàdo. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan lórí tábìlì. Mo ní ó ti dé, ara rẹ̀ le, mo sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀. Nígbà tó tó wákàtí kan, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi fẹ́ kí n mọ̀ pé ara òun ṣì le. Mo jẹ ẹ̀wà. Òjò rọ̀. Mo sá aṣọ wọlé.

Ó tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí àgbẹ̀ kan láti apá Kpankou tó gbé ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà wa lórí alùpùpù, òun àti àpò gbágùúdá ọkùnrin náà. Ìyá mi ti tẹ ẹsẹ̀ bọ inú ihò òkété létí oko, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀ pàápàá. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ara rẹ̀ rin gbingbin. Ó jókòó sórí àga, ó wò mí.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan ló dún."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ́ kó dún. Mo tún pè, mo tún jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló dún lọ́dọ̀ mi, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà méjèèjì."

Kò bínú. Ì bá sàn bó bá bínú. Ó kàn sọ pé òun jókòó sábẹ́ igi, òun ń gbọ́ ìró gbogbo alùpùpù tó ń kọjá lókèèrè, òun sì ń sọ pé èyí ni ọmọ mi. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti yọ káàdì mi kúrò nínú fóònù tí mo fi ń yangàn, mo ti fi sínú olóbọ́tìnì àtijọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Sátidé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń dun ènìyàn. Ó yẹ ẹsẹ̀ ìyá wa wò, ó bi í bó ṣe sùn, ó wá ní, "Ìyá, ẹ ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Kútọnu. Yàrá wà, àwọn ọmọ ń béèrè yín. Oko yẹn ti tó."

Mo ní olóbọ́tìnì ni mò ń lò báyìí, kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olóbọ́tìnì, àbúrò mi," ó ní. "Fóònù pọ́tábù tí àwọn tó ṣe é gan-an sọ pé ó ti tán lo fi ń ṣọ́ ìyá wa. Mi ò mọ ohun tí wàá tún fi dánra wò lọ́la."

Mo wo ìyá mi. Mo mọ ohun tí oko yẹn jẹ́ fún un. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ la igbó rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ jókòó sórí tìmùtìmù nínú yàrá tó mọ́ ní Kútọnu, kó máa wo tẹlifíṣọ̀n ní èdè tí kò gbọ́ dáadáa, kò ní í kú, àmọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí fóònù tèmi: ara á le, ohun tó ń darí rẹ̀ nínú á gbó.

Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi gbígbóná. Ó ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Pọ́tábù tó já mi kulẹ̀ yẹn náà ni kó gbé mi dìde. Ẹsẹ̀ mi á ti san kí àgbàdo àrọ̀kúrò tó yá ní gbígbìn. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gbìn ín, kí ìwọ wá jókòó síbí pẹ̀lú àbúrò rẹ. Màá pè láti oko. Bí pọ́tábù yẹn bá dún níye tí mo pè é, mi ò lọ síbì kankan. Bí kò bá pé, màá di ẹrù mi fúnra mi."

"Èmi ni màá sọ iye tó máa dún fún yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ní ìkọ̀kọ̀, kí àbúrò mi má bàa mọ̀."

Ìyá mi wò ó, kò sọ nǹkan kan. Báyìí ni wọ́n ṣe fi orí mi ṣe àdéhùn láìbi mí.

Mo kọ̀wé sí ọkùnrin ilẹ̀ yìnyín. Ó ní lọ́dọ̀ òun ìpè ń wọlé, òun ń gbé e, òun ń gbọ́ ohùn. Kí ni ìṣòro? Mo ṣàlàyé bípé fún un. Lẹ́tà gígùn mẹ́ta ni mo kọ kó tó yé e. Ó béèrè pé, ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé ìpè tí ẹnì kan kò gbé ni ìpè tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó kọ̀wé pé òun ti dán an wò lára tòun náà, ẹyọ kan ń sọnù bí fóònù bá ń sùn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò wá sóun lọ́kàn rí láti ka iye ìgbà tó dún.

Èmi, ní tèmi, fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dán an wò n kò sì rí àṣìṣe kankan. Mo dá káàdì mi padà sínú rẹ̀; bí mo bá fi olóbọ́tìnì ìyá mi pè é lẹ́ẹ̀mejì, á dún lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹta, á dún lẹ́ẹ̀mẹta. Orí mi fẹ́ dàrú. Ìyá mi ló wò mí títí láti orí àga rẹ̀ nínú ọgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, ó ní, "Okùn wo lo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn?"

Mo ní ọ̀nà tí mo fi ń rí inú rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé o so ó mókùn lọ́jọ́ tí mo bọ́ sínú ihò?"

N kò so ó. Fóònù tí okùn wà lára rẹ̀ kì í sùn. Kọ̀ǹpútà ń fún un ní iná, ojú rẹ̀ là kedere. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dúró lórí ẹni tó lajú sílẹ̀, tí mò ń yẹ oorun rẹ̀ wò. Olùkọ́ ìṣirò ni mí o.

Mo yọ okùn. Mo jẹ́ kí fóònù sùn, ìyá mi wá ń pè é láti orí àga. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹyọ kan ló ń dín ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn fún mi nírètí, nítorí pé ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo ní ìdí kan. Resóò kì í ṣe nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rò pé fóònù ń pẹ́ jí ni. Mo dín ohun tó ń ṣe kù nígbà tó bá ń jí, ẹyọ kan ṣì ń sọnù. Mo pa iná ojú rẹ̀, ẹyọ kan ń sọnù. Ọ̀sán ọjọ́ kan, oorun gbé ìyá mi lọ lórí àga. Obìnrin tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àgò o." Ìyá mi kò lajú. Ó ní, "Àgò yà," ohùn rẹ̀ ṣe kedere, kó tó wá nu ojú, kó tún ìró rẹ̀ ró, kó sì wo ẹni tó dé. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Ojú oorun ló ti gbọ́. Kò pàdánù àgò àkọ́kọ́. Bí ènìyàn bá sì pàdánù rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé ló gbọ́ ọ tí kò jẹ́ iṣẹ́. Oníbodè tèmi kì í sùn. Ó gbọ́ ẹyọ àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́. Ta ni kò jẹ́ iṣẹ́?

Mo ní kí fóònù máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀ láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí á fi dún. Ìyá mi pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka ohun tó kọ. Oníbodè ní: ìpè dé. Fóònù jí. Fóònù da ọ̀rọ̀ oníbodè nù. Oníbodè ní: ìpè dé. Fóònù dún.

Mo wá ìlà tó ń da ọ̀rọ̀ nù. Mo rí i. Mo wo orúkọ tó wà ní ìdí rẹ̀. Tèmi ni.

Ojú tì mí débi pé mo dá wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó jáde lọ bá ìyá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìsọkúsọ, ti ìyàwó pásítọ̀, bí mo ṣe ní kí fóònù gbá ẹnu ọ̀nà mọ́ kó tó gbọ́ ohunkóhun. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ọmọ tí mo kọ́ pé kó gbálẹ̀ kí àlejò tó dé," ó ní, "òun ló gbá àlejò pọ̀ mọ́ ilẹ̀."

N kò kàn lè yọ ìlà náà kúrò. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, fóònù ké láàárọ̀ kùtùkùtù láìsí ẹni tó pè. Àfi kí n jókòó kí n fi etí sí ìsọkúsọ oníbodè fúnra rẹ̀, kí n mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ gidi. Mo rí i pé bí ìpè bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, ó sì máa ń sọ ọ́ parí. Ìsọkúsọ kì í parí. Àárín rẹ̀ máa ń gé. Nítorí náà mo kọ ìlà púpọ̀ rọ́pò ẹyọ kan yẹn: kí fóònù gba gbogbo ohun tí oníbodè bá sọ, kó wò ó, kó da èyí tó gé nù, kó ka èyí tó pé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi mẹ́rin mìíràn tún un kọ nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ilẹ̀ yìnyín ní kò dára. Òótọ́ ló sọ. Ìyá mi pè é títí ó fi ní ìka òun ti ń dun òun ju ẹsẹ̀ lọ. Kò tún pàdánù ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ rin tó láti gbin àgbàdo, ẹ̀gbọ́n mi dé láti Kútọnu. Mo rí òun àti ìyá wa tí wọ́n jọ dúró lẹ́yìn ilé, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Lẹ́yìn náà ọlọ́kadà gbé ìyá wa lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù náà síwájú wa, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá okùn kan wà níbẹ̀. Ìyá wa ti ròyìn fún un. Ojú fóònù ṣú, ó sùn. Mo se tíì, kò mu ún, èmi náà kò mu ún.

Ó dún. Ó tún dún. Ó tún dún. Ó tún dún, ó sì dákẹ́.

"Mélòó lo gbọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mẹ́rin."

"Èmi náà gbọ́ mẹ́rin." Ó fi ọwọ́ ra ojú. "Àbúrò mi, mẹ́ta ni mo ní kí Ìyá jẹ́ kó dún."

Ohun tí mo rò ni pé ìsọkúsọ ti padà wá. Èyí tó ń dín ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ ti wá ń fi ẹyọ kan kún un. Mo ní ká tún un ṣe, ká ní kó tún pè. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn orí. "O gbìyànjú," ó ní, bí ẹni pé mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi. Ì bá wù mí kó bú mi. Ó ní ká lọ gbé Ìyá wá sílé.

Ọ̀nà oko yẹn kò gba ọkọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn alùpùpù mi ló jókòó sí, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀ wá láti Kútọnu. Ẹrẹ̀ ń ta sí i lára, n kò dẹ eré. Mò ń wa alùpùpù, mò ń ka àwọn ìlà tí mo kọ nínú orí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ibi tí mo ti ṣe é. Mò ń sunkún, atẹ́gùn sì ń gbẹ ojú mi kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa rí i.

A bá ìyá wa láàárín oko, ó ti gbin bí ìlà méje. Ó gbé orí sókè. Kò kí wa.

"Mélòó ló dún?" ó bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Mẹ́rin, Ìyá."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mẹ́rin."

Ó ju èso mẹ́ta sínú ihò, ó fi gìgísẹ̀ bò ó, ó tẹ̀ ẹ́. "Mẹ́rin ni mo jẹ́ kó dún," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. "Ìyá, mẹ́ta la jọ sọ."

"Ìwọ lo sọ ọ́. Ṣé o gbọ́ kí n dá ọ lóhùn?" Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Bó bá dún mẹ́ta, wàá ní àbúrò rẹ ló fọgbọ́n yọ ọ́ lẹ́nu rẹ. Mo mọ̀ ọ́. Mẹ́rin kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni bí kò ṣe lẹ́nu tèmi. Àti pé inú oko mi, kò sẹ́ni tó máa sọ iye tí màá pè fún mi."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, nínú aṣọ tó mọ́, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ayọ̀ tó wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, n kò ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yege ìdánwò olùkọ́. Ìpè náà pé. Láti inú oko tí resóò kò ti gbé ohùn, ìyá mi sọ ohun tó wù ú, fóònù tí wọ́n ní ó ti kú sì jíṣẹ́ rẹ̀ láìdín, láìlé.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo oko. Lẹ́yìn náà ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, ẹlẹ́ẹ̀kan, ó ti dé. Ẹlẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá gbé mi. Kí wá ni ti ẹlẹ́ẹ̀mẹrin?"

"Kí ẹ̀yin méjèèjì wá bá mi gbin àgbàdo," ni ìyá mi wí. "Ẹ sì ti dé."

Ó na igbá èso sí i. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ igi, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì gba igbá náà. A gbìn títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìlà tirẹ̀ wọ́, ìyá wa sì ń sọ ọ́ fún un títí di àkókò yìí.

Kò tún sí ẹni tó dárúkọ Kútọnu. Nínú ìwé tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí jọ ń kọ, ọ̀rẹ́ mi ilẹ̀ yìnyín yí ohun tó wà lábẹ́ fóònù tèmi padà. Ó ti di: ìpè, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ bi mí bí ìyá mi ṣe wà, kó tó sọ fún mi pé ìlà kan kò dára.

Àgbàdo yẹn ti wọlé, òmíràn ti wà nílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe jókòó tí mò ń kọ èyí, fóònù dún lórí tábìlì. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ó ti dé oko, ara rẹ̀ le.